Ó Ní Wọn Kò Jí I

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti Olúgbénga kò tilẹ̀ pé ogún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni irọ́ tirẹ̀ rìn kí òtítọ́ tó lé e bá, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Mahuta, ní Kaduna. Ó ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun gbọ́dọ̀ sọ, pé bí òun ò bá sọ ọ́ lónìí, òun ò mọ̀ bóyá òun á tún ní ìgboyà lọ́la. Queen, ọmọ rẹ̀, wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì rò pé dókítà ló ti sọ nǹkan tí kò dára fún un.

Kì í ṣe dókítà. Queen fúnra rẹ̀ ló fà á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, iṣẹ́ fíìmù ló fẹ́ kọ́, ó sì ń wá kámẹ́rà tí apá akẹ́kọ̀ọ́ á ká. Ó bi Dárasími, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Kudenda, èwo ni kí òun rà. Dárasími rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì ẹ ni kí wọ́n bá ẹ yàn án. Àwọn ló yan tèmi. Ọwọ́ tèmi ni ò dáa." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ò lè jẹ ata. Olúgbénga tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ, ó tún bàtà náà wọ̀, ó sì jáde padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Olúgbénga jẹ́ ní ọdún 2008, kí ẹ lè mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Òun ló ń ya fídíò ìgbéyàwó fún ìdajì àwọn ará Kogi tó wà ní Kaduna. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra rédíò lásán, á kọ́kọ́ lọ bi Olúgbénga. Nígbà tí Dárasími dé láti Ìjùmú láti wá kọ́ iṣẹ́ fíìmù, tí kò gbọ́ ju "sannu" lọ nínú èdè Hausa, Folúṣadé ìyá rẹ̀ fi owó kámẹ́rà rán an sí àbúrò rẹ̀, ó ní ojú tó mọ̀ ọ́n ni kó bá wọn yàn án. Olúgbénga sì mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò nílò èyí tó ń dán. Ohun tó nílò ni kámẹ́rà tí etí rẹ̀ yá, tó ń gba ohùn dáadáa, tí bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, tó ní ihò tí wọ́n ń ki máìkì sí. Gbogbo èyí ló wà ní ikùn rẹ̀. Ohun tó wà lórí tábìlì Mubashir, Hausa tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù ní ọjà Kasuwan Barci, ńkọ́? Kámẹ́rà Olúgbénga fúnra rẹ̀ ni. Òjò ti pa á níbi ìgbéyàwó kan. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gbọ́ ohùn ketekete. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, etí rẹ̀ á di. Olúgbénga ti fi í síbẹ̀ ní àmánà kí wọ́n bá òun tà á, ó sì ti ní kí Mubashir má sọ ẹni tó ni ín.

Mubashir gbà láti pa orúkọ mọ́, ṣùgbọ́n kò gbà láti pa àbùkù ọjà mọ́, nítorí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Bó ti rí i pé kámẹ́rà náà wu ọmọ yìí, ó kọjú sí i, ó fi ìka kan etí ara rẹ̀, ó ní, "In ta yi zafi, ba ta ji." Ìyẹn ni pé bó bá gbóná, kì í gbọ́ràn. Dárasími ò mọ gbogbo ohun tó sọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan ló dún létí rẹ̀ bí èdè tirẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò ìyá rẹ̀.

"Jí kẹ̀? Ṣé wọ́n jí i ni?"

Olúgbénga sì dáhùn pé, "Rárá o. Ó ní wọn kò jí i."

Ọkàn ọmọ balẹ̀. Mubashir bi Olúgbénga ní Hausa bóyá ó ti sọ fún un. Ó ní, "Na gaya mata," òun ti sọ fún un. Wọ́n sanwó, wọ́n sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni Olúgbénga ti ń bá ara rẹ̀ rojọ́. Lọ́jọ́ kan, á ní ìbéèrè ọmọ náà ni òun dáhùn, ṣebí wọn kò jí i lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, á ní òun fẹ́ sọ fún un nílé, òjò ló dé. Òjò kankan kò dé lọ́jọ́ náà, oṣù Kejì ni. Nígbà mìíràn, á tilẹ̀ rò pé òun náà ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó ti yí i títí orí ara rẹ̀ fi dàrú.

Ìyẹn sì kọ́ ló burú jù. Dárasími, tí kò tíì yà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan rí, gbé kámẹ́rà náà lọ sílé nígbà ìsinmi, ó fi ya Ìyá àgbà, ìyá tó bí Olúgbénga. Odindi kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ni màmá fi sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, tó sì dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tó ń súre fún wọn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, màmá kú. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, gbogbo ẹbí jókòó yí tẹlifíṣọ̀n ká. Màmá sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dárúkọ Folúṣadé, ohùn sì lọ. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè bí ẹni ń súre, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan mọ́. Folúṣadé kígbe mọ́ ọmọ rẹ̀. Dárasími wà lórí eékún, ó ń bẹ gbogbo wọn, kò sì mọ ohun tí òun ṣe. Wọ́n wá wo Olúgbénga. Ó gba kámẹ́rà náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ náà ti tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ó tún fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni Ọlọ́run dá fún iṣẹ́ yìí. Dárasími kò fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́. Ọdún yẹn náà ló pààrọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Gbogbo èyí ni Olúgbénga sọ nínú pálọ̀ náà níwájú Queen àti Dárasími, ní àsọpadà-àsọtún, tó ń fi ìparí ṣíwájú ìbẹ̀rẹ̀. Queen bú sẹ́kún. Dárasími kò sunkún. Ó bi í pé, "Dádì Queen, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ lẹ̀ ń pa, àbí ẹ ṣì í gbọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀ mọ́, Dárasími. Mo ti parọ́ rẹ̀ fún ara mi jù. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn, mo mọ̀. Ọwọ́ ẹ dáa. Kò sígbà kan tí kò dáa."

Dárasími dìde. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní bí ilé-ìwé bá parí lọ́la, òun á bá wọn lọ sọ́dọ̀ Mubashir. "Ẹ̀yin ẹ yàn án fún Queen," ó ní, "ṣùgbọ́n ohun tí Mubashir bá sọ, èmi ni n ó túmọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé Kasuwan Barci lọ́jọ́ kejì, irùngbọ̀n Mubashir ti funfun. Olúgbénga yan kámẹ́rà kékeré kan tí kò dán, ó fi ihò máìkì rẹ̀ han Queen, ó sì sọ gbogbo ohun tó yẹ kó ti sọ lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Dárasími gbé e sórí tábìlì nínú oòrùn, ó tan án kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó ní àwọn á dúró títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Òun àti Queen lọ wo báàgì kámẹ́rà ní ìsọ̀ òdìkejì. Olúgbénga jókòó síwájú ẹ̀rọ náà lórí bẹ́ńṣì. Ó gbàgbé pé kámẹ́rà náà ń gbọ́ òun. Ó ń dá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń bẹ ìyá rẹ̀, ó ń bẹ Dárasími pé kó dárí ji òun, ó ń sọ pé kí ọmọdé má ṣe jẹ́ kí àgbà kankan máa bá òun gbọ́ ọ̀rọ̀, àní bí àgbà náà bá jẹ́ ẹbí.

Lẹ́yìn wákàtí kan, Dárasími padà dé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀. Ó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ó ki íápíìsì sétí, ó sì ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ pẹ́. Mubashir tẹjú mọ́ ọn, ó bi í pé, "Ta ji?"

Dárasími yọ ọ́ kúrò létí, ó wo Olúgbénga.

"Ta ji."

Ní Hausa, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kámẹ́rà àti fún obìnrin: ó ti gbọ́. Olúgbénga fẹ́ bi í léèrè pé èwo nínú méjèèjì ló ń wí, bóyá kámẹ́rà ló gbọ́ ni, àbí Dárasími ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun. Ó ranjú mọ́ ẹnu rẹ̀, bó ṣe ń ranjú mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Dárasími ti yíjú sí Queen, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú.