Ẹ̀kúnwọ́ Ìgbẹ́ Adìẹ

Mo lọ ra ẹyin n'Ibogun, mo bá ìyá tó ń sin adìẹ níbi tó ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì kan jiyàn.

"Mọ́mì, ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ adìẹ kan péré la fẹ́. A fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn apakòkòrò àrùn tí ẹ ń pò sómi adìẹ yín máa ń jẹrà nínú ilẹ̀, àbí ó ti mọ́ kòkòrò àrùn lára débi pé kò lè pa wọ́n mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń po oògùn?"

"A ò ní dárúkọ yín, mà."

"Kí ló dé tó o wá ń ya fọ́tò ilé adìẹ mi?"

"Ṣebí ọ̀fẹ́ lẹ ń kó ìgbẹ́ yìí fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé yín."

"Àwọn yẹn kì í bi mí léèrè ohun tí adìẹ mi ń mu."

Ẹ̀fọ́ wọn ni mo sè jẹ lánàá.