Mo Ní Kí Màmá Dúpẹ́ Má Dìde

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú. Àbúrò mi pàápàá kò mọ̀. Lẹ́tà kan dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò pẹ́ tí ogun Biafra parí ni wọ́n gbé mi wá sí Onitsha. Ilé tí ìbọn ti bà jẹ́ ni wọ́n ń tún kọ́ níbi gbogbo, eruku sìmẹ́ńtì ò jẹ́ ká ríran. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ní ilé ìwòsàn, "Sister" ni gbogbo wọn ń pè mí.

Ìgbà náà ni wọ́n mú Màmá Dúpẹ́ wá. Aránṣọ ni, ará ìlú mi, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Woliwo, àdúgbò kan nínú Onitsha níbẹ̀. Ìbàdí ti ń ro ó láti bí oṣù mẹ́rin, kò lè jókòó ti maṣíìnì mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, egungun kò ṣẹ́, ẹsẹ̀ kò kú. Ó ní kó lọ dùbúlẹ̀ sinmi nílé, kí n máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Bí mo ṣe fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Kí ni oríkì rẹ, ọmọ mi?" Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, rọra, ibẹ̀ yẹn gan-an ni." Omi bọ́ lójú mi. Àfi bíi pé ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń lọ. Mo máa ń fi ìpara ra ẹ̀yìn rẹ̀, òun a sì máa sọ̀rọ̀ ilé fún mi: ta ló ń kọ́lé, ta ló bá ta jà, irú ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ Ìsinmi.

Lóṣù kejì, wọ́n rán mi lọ sí Enugu fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan, kí n lè padà wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yòókù. Dókítà tó kọ́ wa sọ pé àṣìṣe ni ohun tí a ti ń ṣe. Ó ní ẹ̀yìn tó ti ń dunni tipẹ́, tí egungun kò ṣẹ́, tí ẹsẹ̀ kò kú, ìdùbúlẹ̀ kì í wò ó sàn, ńṣe ló ń sọ iṣan di aláìlágbára. Kí aláìsàn dìde, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ká sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá dùn ún, kò túmọ̀ sí pé nǹkan ń bà jẹ́ nínú.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí mò ń bọ̀, Màmá Dúpẹ́ ni mò ń rò. Owó epo rọ̀bì ti dé, tẹrú-tọmọ ló ń kó aṣọ wá fún aránṣọ. Bó bá dìde, kò ní ráàyè tèmi mọ́.

Mo kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ohun gbogbo, àfi èyí. Ngozi, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, bi mí nípa àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn pé, "So dem go still dey lie down?" Mo ní, "Na so." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀.

Màmá a máa bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé kí n gbìyànjú lónìí?"

Màá ní, "Ẹ ṣì dùbúlẹ̀ ná, Mà. Ẹ̀yìn yín ò tíì gbà."

Ó gbà mí gbọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Itan rẹ̀ gbẹ. Onílé gba ṣọ́ọ̀bù, ó fi fún ẹlòmíràn. Nígbà tí Dúpẹ́ ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sílé, pípọ̀n ni wọ́n pọ̀n ọ́n dé ìdí ọkọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúrà fún mi.

Òun ló ní kí Dúpẹ́ kọ lẹ́tà tó dé yìí. Dókítà kan nílé ló ní kó máa rìn. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀hún kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀ bíi tèmi mọ́. Mi ò bínú, ìwọ náà kò mọ̀ ni. Wá lo ìsinmi ọdún lọ́dọ̀ mi, mo ti tún yàrá ṣe dè ọ́."

Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ngozi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n Màmá ńkọ́? Ọkàn mi ń fà sí yàrá yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè ní kí n má wá. Bí n kò bá jẹ́wọ́, ẹnu wo ni màá fi jẹ oúnjẹ rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ ni, àbí kí n wá kúnlẹ̀ níwájú yín kí n sọ ọ́?