Ìmọ́lẹ̀ Tí Mo Gbé Wọ Yàrá Òkùnkùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ fi oúnjẹ yín sílẹ̀ ná. Ẹja díndín ọjọ́ Ẹtì kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lọ́fun mi lè sá, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wá ihò tí yóò gbà padà sínú. Ẹ pe èmi Casimir Wozny, tí gbogbo yín ń pè ní Caz, síwájú kí n wá sọ̀rọ̀ ìwúrí nípa òkúta ìrántí tí a fẹ́ rì mọ́lẹ̀ níbi tí ilé-iṣẹ́ wa tí ń ṣe fíìmù kámẹ́rà wà tẹ́lẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ẹ̀rù ló kún inú mi. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn dókítà yóò la àyà mi, wọn yóò fọwọ́ kan ọkàn mi gan-an, ó sì ń ṣe mí bíi pé wọ́n á rí ohun tí mo fi pamọ́ síbẹ̀ kí n tó fẹnu ara mi sọ ọ́. Ìyá mi àgbà, tó kọ́ mi ní Ìwé Mímọ́ lẹ́bàá ààrò kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé, a máa wí pé aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Olúwa, ìwọ tí òkùnkùn kò ṣú lójú rẹ, di ahọ́n mi mú kó má yẹ̀. Lára òkúta yẹn, gbogbo àwa tí a ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní yàrá òkùnkùn ni wọn yóò kọ orúkọ wa, àfi ẹnì kan: Lemuel Briscoe. Ẹ ní òun ló ba róòlù ńlá fíìmù ìkẹyìn jẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo bà á jẹ́. Opó rẹ̀, Odessa, ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá, kò sì mọ ìdí tí mo fi bẹ̀ ẹ́ títí di ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin àgbà mọ iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ya ẹja kí wọ́n tó jẹ ẹ́ yìí kò mọ̀ ọ́n. Fíìmù! Ọmọ egungun màlúù tí a sè di lẹ́ẹ̀, ọmọ fàdákà tí a lọ̀ kúnná, arímọ́lẹ̀-lẹ́ẹ̀kan-má-gbàgbé. Ohun tó bá fi ojú kàn, ó ti gbà á nìyẹn títí láé. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe é nínú òkùnkùn tó jẹ́ pé, lọ́sàn-án gangan, bí o bá gbé ọwọ́ síwájú ojú ara rẹ, kò sí ọwọ́ níbẹ̀. A ó bọ́ aṣọ ilé, a ó bọ́ aago, a ó kó gbogbo ohun tó lè tàn sínú àpótí aṣọ wa, a ó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun, a ó sì wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún á wà lára ògiri. Ẹni tó bá dé kọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dún, kí èkejì má baà forí sọ ọ́. Oníkálùkù ló ní ohùn tirẹ̀. Èmi a máa súfèé. Delbert Strang, ọ̀gá wa, a máa húkọ́ bí ewúrẹ́ tó jẹ iyọ̀. Ti Lemuel, orin ìjọ ni, ohùn ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lemuel, ọkọ Odessa! A-rin-òkùnkùn-bí-ẹni-rin-ọ̀sán, ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́ tí í gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo kọlù ú, ó ní, "Caz, ṣé ìwọ lo sanra ni àbí ògiri ló sún mọ́ wa?" Mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹ̀rù òkùnkùn fi fò lọ lára mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ti gba ìgboro. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan tó ń ṣe sinimá ní ìwọ̀ oòrùn ló kù tí wọ́n ń ra ọjà wa lọ́pọ̀, àwọn náà sì ti ń fẹsẹ̀ kan wo ti tuntun. Delbert pè wá jọ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Róòlù tó ń bọ̀ yìí, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn láìlábàwọ́n, a ó ṣì máa jẹun níbí. Bí ó bá lábàwọ́n, kí kálukú lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kọ̀ǹpútà." Lemuel ní, "Delbert, ìwọ tí o kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára rédíò ilé rẹ!" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ róòlù yẹn gan-an ni ọmọ mi Teresa wọ yàrá ìrọbí. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú. Kí n tó kúrò nílé, ó fi ohùn tó rẹ̀ kí mi lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, bí mo bá bí i, ojú ọmọ ni màá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má pa fóònù yín." Fóònù pélébé kan ni ó rà fún mi lọ́dún Kérésì, irú èyí tí ń ṣí tí ń pa dé bí ìkarahun. Mo dé iwájú àpótí aṣọ mi, mo fi aago sí i, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, ta ni yóò mọ̀? Ó dé pa, kò lè tàn. Mo tì í bọ inú àpò aṣọ iṣẹ́. Ẹ wo òmùgọ̀! Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ òkùnkùn, òun ló gbé iná wọlé ní ikùn aṣọ.

Mo wà lẹ́bàá ibi tí fíìmù ti ń jáde kúrò ní ibi tí a ti ń fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ, tí ó ń wé ara rẹ̀. Mo ń gbọ́ orin Lemuel ní òdìkejì ẹ̀rọ. Ni nǹkan náà bá gbọ̀n lára itan mi. Ẹ̀yin ará, mo lè jáde. Ilẹ̀kùn méjì péré ló wà láàárín èmi àti ìta. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé bóyá ọmọ ti kú, mi ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ìta kí n tó mọ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ba, mo fi àyà bò ó, mo ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ bú jáde! Mi ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Mo rí ọwọ́ mi. Mo rí ògiri tí mo ti ń fọwọ́ pa láti ìgbà èwe mi, tí mi ò mọ àwọ̀ rẹ̀ rí. Mo sì rí ojú ọmọ-ọmọ mi, ó pupa, ó ń bínú, ó wà láàyè. Mo gbàgbé ara mi. Mo wò ó pẹ́. Ìgbà tí mo máa gbọ́ ohun tó wà létí mi, àìsí ohùn ni. Orin Lemuel ti dúró. Mo pa fóònù dé. Ó pẹ́ díẹ̀, orin náà tún bẹ̀rẹ̀, láti ibi tó ti já. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀fun rẹ̀ ló gbẹ. Mo sọ ọ́ títí mo fi gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n gé díẹ̀ lára róòlù náà tí wọ́n fọ̀ ọ́ wò, ó dú kirikiri láti etí dé etí, bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ oòrùn. Gbogbo rẹ̀ ti ṣòfò. Àwọn ará ìwọ̀ oòrùn kò dúró gbọ́ àwáwí. Delbert fà mí wọ kọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní, "Caz, mi ò ní bi ọ́ ní ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́. Àwọn ọ̀gá òkè ń bèèrè orúkọ ẹnì kan. Ìwọ àti Lemuel nìkan lẹ wà ní apá ibẹ̀." Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ló la ihò?" Ó ní, "Ẹ̀rọ kì í ní orúkọ." Ó wo àpótí aṣọ Lemuel, ó ní, "Lemuel ló ń mu sìgá, àbí?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó húkọ́, ó jáde. Ẹ̀rù bà mí. Mo ro ilé mi, mo ro Teresa, mo ro bí ẹ ó ṣe máa wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹ̀rù kì í ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n òun ló gbé ọwọ́ mi. Mo ṣí àpótí Lemuel, torí kì í tì í pa. Ó ní ará ilé ni gbogbo wa. Mo mú láítà rẹ̀ nínú kóòtù, mo sì fi í bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ìkọ́.

Ẹ ń mí kanlẹ̀. Ẹ dúró, èyí kọ́ ló burú jù. Nígbà tí wọ́n yọ láítà náà níwájú gbogbo wa, Lemuel kò pariwo. Ó wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ṣìnà. Ó ní, "Delbert, ta ló mọ òkùnkùn yẹn jù mí lọ? Ṣé èmi ni mo máa tanná níbẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Caz, ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sọ fún wọn. Ṣé o rí iná kankan?" Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èmi, ìka tí kò ṣẹ̀ ni mo nà fún ọ̀bẹ. Mo ní, "Mo rí ìmọ́lẹ̀ kan. Ọ̀dọ̀ Lemuel ló ti wá." Ohun tó burú jù nìyẹn. Láítà lè jẹ́ èèṣì, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló fi àkọlé sí i. Lemuel gbé fìlà rẹ̀, ó fi kanlẹ̀kùn bíi pé ó ń kí ilé náà pé ó dìgbóṣe, ó sì jáde.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ṣe é. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀ka wa rẹ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ wó ilé-iṣẹ́ gíga yẹn lulẹ̀, ẹ kò bínú sí ayé tó ń yí, Lemuel lẹ bínú sí. Ẹnì kan fi ọ̀dà kọ "apani" sí ara ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ kò kí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo mọ̀ pé fíìmù ìbá kú bó pẹ́ bó yá. Fóònù tó wà lápò mi ti wà lápò gbogbo ayé. Ikú ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún ikú kò lè ní òun kò sí nílé. Lẹ́yìn náà, bí mo ṣe ń kó yìnyín kúrò níwájú ilé mi, Lemuel dé. Ó bá mi gba ṣọ́bìrì, ó kó díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ-ọmọ rẹ ń kọ́?" Mo ní, "Halina? Ó ti ń rìn." Ó ní, "Ọmọ tó dára. Mo ti rí i rí." Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Láàárín àwọn ẹ̀rọ. Nígbà tí iná tàn, mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́. Mo rí ojú rẹ̀ kékeré yẹn, mo sì rí tìrẹ lókè rẹ̀, ò ń sunkún." Mo ní, "Lem, kí ló dé tí o kò sọ?" Ó ní, "Ta ni wọn ìbá gbà gbọ́ nínú àwa méjèèjì, Caz? Ẹnu rẹ nìkan ló lè gbà mí. Mo rò pé, fún ayọ̀ ọjọ́ yẹn, o ò ní pẹ́ sọ. Mo ń dúró dè ọ́." Ó dá ṣọ́bìrì padà fún mi, ó lọ. Ó dúró títí dé ibojì. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, mo dé ibi ìsìnkú, mi ò jáde nínú ọkọ̀. Mo ń wo Odessa láti inú gíláàsì bí olè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rù ọjọ́ kan ni mo fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ẹ̀rù gbogbo ọjọ́ ayé mi rà á. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè ké kí a tó wá ẹni tí a ó dì í rù. Halina, ọmọ mi, má sunkún. Kò sí ọwọ́ rẹ nínú rẹ̀. Delbert ti kú, kí Olúwa ṣíjú àánú wò ó. Èmi kò dì í rù ú, ara mi ni mo ń rò. Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín: ẹ kọ orúkọ Lemuel Briscoe sókè pátápátá lára òkúta yẹn. Ẹ yọ tèmi. Bí mi ò bá jí lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ má ṣe torí pé mo kú dá a padà síbẹ̀. Odessa, aya ẹni rere, mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o gbàgbé. Ìdáríjì ni mo ń tọrọ, bí kò bá tilẹ̀ pọ̀ ju ẹyọ iyọ̀ lọ. Mo rí i pé o ti dìde. Mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn lò ń lọ, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ mi ni. Mi ò ní jókòó. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì ni kí o ṣe. Mo wà níbi tí o ti lè rí mi.