Ìwé Tí Mi Ò Kà Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí ìbínú mi máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ mi dé ibi tí mò ń lọ… ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ní kí n sọ bí ilé ìwòsàn ṣe rí láyé ìgbà tiwa. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ pé ó dára ju tòní lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ayé ṣọ́jà ni. Ọmọge ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama níhìn-ín ní Adó, yàrá kan ni mo háyà ní Òkè-Ìlá. Ilé ìwòsàn ìjọba kan wà tí gbogbo wa ń lọ, ará ìlú, ará oko. Dókítà ò pọ̀. Ọjọ́ mìíràn, ẹyọ kan péré ló máa wà níbẹ̀.

Bí o bá fẹ́ rí i, wàá dé láàárọ̀ kùtù, wàá fi òkúta rẹ sílẹ̀ lórí pèpéle. Bẹ́ẹ̀ ni, òkúta! Àwọn ará oko ló mú àṣà yẹn wá. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́, lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, òkúta rẹ á máa bá ọ tò. Kò sí ẹni tó jẹ́ sún òkúta ẹlòmíràn. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ so àkísà pupa mọ́ tirẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kó sá tẹ̀ lé ọkùnrin lọ. Ha! Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín nínú àìsàn nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń wọlé? Ẹni tó ní ìwé pélébé ni. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìjọba á jókòó, á kọ ọ́ pé, “Ẹ bá mi tọ́jú ẹni tó mú ìwé yìí wá.” Akọ̀wé tó ń pín káàdì á gbà á, á dìde, á ṣílẹ̀kùn. Àwọn tí òkúta wọn ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ á máa wòran. Ọ̀sán á pọ́n, dókítà á lọ. “Ẹ padà wá lọ́la.” Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá láti oko! Ọ̀la wo?

Ó ń bí mi nínú gan-an. Nígbà yẹn náà ni àwa ọ̀dọ́ ń ṣe ìwọ́de nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Áfíríkà. Nọ́ọ̀sì kan sì wà nílé ìwòsàn yẹn tó jẹ́ pé ọ̀hún ló ti sá wá. Sístà Tándì là ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo mú un wá sí kíláàsì mi. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé nílùú òun, ilé ìwòsàn aláwọ̀ funfun wà tí bẹ́ẹ̀dì ń ṣófo nínú rẹ̀. Ní ti aláwọ̀ dúdú, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn aláìsàn mìíràn ń sùn. Ó ní lójú òun, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dúró ti ọkùnrin kan tí mọ́tò gbá. Wọ́n rí i pé dúdú ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n ní ọkọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀.

Ọmọbìnrin kan bi í pé, “Ṣé ọkọ̀ tirẹ̀ dé, mà?”

Sístà Tándì ní, “Ó dé. Òkú ló gbé.”

Òmíràn tún dìde… ẹnu ọmọdé! Ó ní, “Níhìn-ín ńkọ́, mà? Ta ni aláwọ̀ funfun tiwa?”

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, “Àwọn tó ní ìwé pélébé ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ, a kọ páálí, a jókòó sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá dókítà gbà. Ó ní láti ọjọ́ Ajé, kò sí ìwé ẹnikẹ́ni mọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Àwọn ọmọ iléèwé wà ní họlidé, mo ní èmi fúnra mi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Sístà Tándì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Tíṣà, ìlà dára. Ṣùgbọ́n ìlà ò lójú. Ta ni yóò máa wo ẹni tí kò lè dúró títí yóò fi kàn án?”

Mo ní, “Sístà, bí a bá dá ihò kékeré sílẹ̀, erin ni yóò gbabẹ̀ wọlé.”

Mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ gbọ́, mo gbọ́n nígbà yẹn ju bí mo ṣe gbọ́n lónìí lọ!

Ọjọ́ Ajé dé. Ìyàwó ọ̀gá iléèwé kan tò sẹ́yìn ẹlẹ́mu. Mo ń yan kiri bí ọlọ́pàá. Akọ̀wé káwọ́ lẹ́rán sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi mí ṣẹ̀sín. “Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí, bí ẹ bá rí ọ̀bọ tó ń gungi, ẹ ó ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá tò.”

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan sáré wọlé. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, aṣọ sáfárì lọ́rùn, òógùn lójú, ìwé lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ mi…”

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ìlà wà.”

“Ẹ ka ìwé yìí ná.”

“A ò ka ìwé mọ́ níhìn-ín.”

Ariwo sọ! “Tíṣà! Tíṣà! Má jẹ̀ẹ́ kó wọlé!” Ẹnìkan ní, “Kó lọ wá òkúta tirẹ̀!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Ọkùnrin náà ní, “Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí! Ìyìn ni mo ti gbé e, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti dá mi dúró!”

Mo ní, “Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó yíjú sí akọ̀wé. Akọ̀wé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ má wò mí o. Tíṣà ló ń ṣe ìjọba.” Ẹ sì gbọ́ o: akọ̀wé yẹn rí òǹtẹ̀ tó wà lára ìwé náà láti ibi tó jókòó sí. Ó mọ òǹtẹ̀ yẹn dáadáa. Ó dákẹ́. Ó fẹ́ kí ojú tì mí. Mo ti dárí ohun púpọ̀ ji èèyàn láyé yìí. Ìyẹn, mi ò tíì dé ibẹ̀.

Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Èèyàn mẹ́fà wọlé, wọ́n jáde. Ìyá àgbà alákìísà pupa yẹn ló ṣe bí ẹni ń na ẹsẹ̀, tó lọ yọjú wo inú ọkọ̀. Ó figbe ta. “Ẹ̀jẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ rèé o! Òkúta mi dà? Ẹ gbé e dànù, ẹ gbé obìnrin yìí sí àyè mi!”

Sístà Tándì sáré jáde. Ó já ìwé náà gbà, ó kà á, ó wo ojú mi. Agbẹ̀bí kan ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré ní Ìyìn ló kọ ọ́, òǹtẹ̀ ibẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ó ní ọmọ dábùú, ẹ̀jẹ̀ ń dà, iṣẹ́ abẹ ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró. Èmi ni mo dá a dúró. Èmi tí mo ń ṣe ìwọ́de.

Wọ́n gbé e wọlé. Ìyá yè é. Ọmọ kú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Sístà Tándì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Kò pariwo. Ó ní, “Nílùú wa, awọ ara èèyàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo àìsàn rẹ̀. Ìwọ, kí lo kọ́kọ́ wò?”

Sáfárì ni mo wò. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo wò.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n tú ìlà ká, àwọn ọ̀gá ní, “Ṣé ẹ rí i? Ìlà yín ti pa ọmọ.” Àwọn ọ̀gá tí wọn ì bá máa fi ìwé pélébé ti obìnrin yẹn sẹ́yìn lójoojúmọ́, àwọn ló wá ń sunkún ọmọ rẹ̀! Akọ̀wé tún ń dìde, ó tún ń ṣílẹ̀kùn. Àṣìṣe mi ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́.

Mo lọ sí Ìyìn. Wùmí lorúkọ obìnrin náà. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo bú sẹ́kún. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Wọ́n ní wọ́n ti tú ìlà yẹn ká.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bí mo bá tún lóyún, tí mi ò rí ọlọ́kọ̀, tí mi ò ní ìwé ọ̀gá, ta ni yóò jẹ́ kí n wọlé?”

Mo ṣì kúnlẹ̀, mò ń sunkún.

Ó ní, “Dìde nílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ẹkún rẹ ṣe níwájú ulé mi? Padà lọ síbẹ̀. Kí o la ojú rẹ lọ́tẹ̀ yìí.”

Mo padà. Èmi àti Sístà Tándì. A ní kí nọ́ọ̀sì kan máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa wo èèyàn kí akọ̀wé tó rí wọn. Wọ́n lé wa, a tún lọ. Ó gbà wá ní ọdún kan ó lé kí wọ́n tó fún wa ní bẹ́ǹṣì kan àti nọ́ọ̀sì kan, àárọ̀ nìkan. Ìyẹn náà la rí gbà.

Ẹ lè ní ayé ti yí padà. Kọ̀ǹpútà ti dé, ilé ti ga. Ẹ̀yin náà ń bínú, mo ń rí i, ẹ sì jàre. Ẹ máa bínú. Mi ò ní kí ẹ dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na ọwọ́ dá ẹnikẹ́ni dúró, ẹ wo èèyàn náà dáadáa ná.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí ilé ìwòsàn kan nítorí orúnkún mi. Ọmọbìnrin tó wà ní ìdí kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, “Màmá, ta lẹ mọ̀ níhìn-ín?”

Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé orí lé bíríkì, ó ń mí gúlegúle, àwọn èèyàn ń ré e kọjá. Mo nawọ́ sí i. Mo ní, “Òun ni mo mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e wọlé.”

Wọ́n gbé e. Wọ́n ní kí n sọ orúkọ rẹ̀… Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Orúkọ wo ni mo fẹ́ sọ?