Tẹ̀tẹ̀ Tí Mo Gbìn Sẹ́yìn Ilé Màlúù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Dubai mọ̀ pé aláwàdà ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò tíì fi pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn ní Oud Metha, àbúrò wa kan nínú ìjọ fi náílọ́nù kan lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, tẹ̀tẹ̀ gidi rèé o! Balcony mi ni mo gbìn ín sí. Ẹ má fi han àwọn tí ẹ jọ ń pín yàrá ní bedspace yín o, wọn á bá yín jẹ ẹ́ tán." Mo rẹ́rìn-ín, mo fi Lárúbáwá dúpẹ́: shukran. Nígbà tí mo délé ní Al Rigga, mi ò lè sè é. Mo gbé e fún ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Security ni mo wá ṣe níbí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ìlú dẹnu kọlẹ̀, ilé gogoro tí mò ń ṣọ́ dúró láìparí, wọ́n sì ní ká máa lọ. Ọkùnrin kan ló bá mi wáṣẹ́ sí oko màlúù kan nínú aṣálẹ̀ Sharjah. Èmi tí mo kàwé!

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: màlúù ni mò ń bá sọ Yorùbá. Kò sí ẹlòmíì. Ọ̀kan wà tí mo sọ ní Àǹtí Risi, torí ó máa ń wò mí láti òkè délẹ̀ bíi tíṣà tó fẹ́ gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ mi. Èèyàn kan ṣoṣo tó sún mọ́ mi ni Chacha Gul, àgbàlagbà ará Pakistan tí a jọ ń gbé yàrá kan. Chacha ni wọ́n ń pe àbúrò bàbá lọ́dọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì àwa méjèèjì, ọwọ́ ló ń bá wa parí ẹ̀.

Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀tá oko yẹn. Ẹsẹ̀ màlúù ló máa ń jẹ. Iṣẹ́ Chacha ni kó po oògùn, kó gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn, kó fín in sí wọn lẹ́sẹ̀ àti níkùn láràárọ̀. Tèmi ni kí n ha koríko tútù tó bá já sílẹ̀ nídìí ọpọ́n omi, kí n tẹ́ ẹ sóòrùn kó gbẹ. Wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ pé inú koríko tútù tó ń jẹrà, tí ìgbẹ́ màlúù ti dà pọ̀ mọ́, ni eṣinṣin náà ń yé sí.

Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti di irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí tẹ̀tẹ̀ ti ń ṣe dáadáa nílé: àkìtàn ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko tútù yẹn pamọ́ síbi ilé ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé màlúù. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo fi tapólì bo ìyókù kó má baà gbẹ. Ó hù! Mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó tó já, mo sè é, èmi àti Chacha fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ rẹ̀ jẹ ẹ́. Ó lá ìka ọwọ́. "Sabzi yìí dára," ó ní. Ẹ̀fọ́ ló ń jẹ́ sabzi.

Kò pẹ́, àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ janlẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọn a fún ara wọn pọ̀ sójú kan, wọn a korí jọ. Wàrà dín kù. Àǹtí Risi ò tilẹ̀ rójú wò mí mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ṣí tapólì: ìdin ń yí, eṣinṣin sì ṣù bo ojú mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n tú u ká. Mo ní, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ já ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ná. Mo dá tapólì padà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá oko pe àwa méjèèjì. Ó kọ́kọ́ kọjú sí mi: "Ṣé ò ń tẹ́ gbogbo koríko sóòrùn?"

"Gbogbo ẹ̀, sà. Khalas, ó ti parí."

Ó yíjú sí Chacha. "Á jẹ́ pé omi lásán lò ń fín sí màlúù mi lára nìyẹn."

Chacha wo bàtà mi. Koríko tútù lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ló ti gbó, sà."

Wọ́n fagi lé visa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, contract kan péré ló fẹ́ fi kún un kó lè kan òrùlé ilé rẹ̀. Ó máa ń fi fọ́tò ilé náà hàn mí: ògiri nìkan, ojú ọ̀run lókè.

Lọ́jọ́ tó lọ, mo tú òkìtì náà ká, mo fa gbogbo tẹ̀tẹ̀ tu. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eṣinṣin dín kù. Ọ̀gá gbá mi léjìká: "Ṣé o rí i? Bàbá yẹn ni." Ó gbé táǹkì Chacha kọ́ mi lẹ́yìn. Okùn rẹ̀ ṣì wà ní ìwọ̀n èjìká Chacha.

Ilé ìtajà kan ní Mirdif ni mò ń ṣọ́ báyìí. Ẹnìkan tó mọ Chacha ti fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Nínú fọ́tò WhatsApp rẹ̀, iwájú ilé ló dúró sí. Mo fẹ fọ́tò náà lójú fóònù títí, kò dé òkè ilé. Ibi àtẹ́rígbà ni fọ́tò ti parí. Mi ò mọ̀ bóyá òrùlé wà níbẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ pa á lówe fún mi pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a lé eṣinṣin. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo sin eṣinṣin náà bí ẹran ọ̀sìn. Ohun tí mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ fún Chacha, ó ti mọ̀ ọ́n kí n tó yanu. Mo kọ "Chacha", mo pa á rẹ́, kò níye ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i: lẹ́yìn "Chacha", kí ni kí n kọ?