Ìlà Iná Tí Mo Fi Ọwọ́ Fadékẹ́mi Kọ

Òtítọ́ tí mo dì mọ́nú ti fẹ́ bá mi wọ sàréè, mi ò sì ní gbà fún un. Kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má bá mi kẹ́dùn kí ẹ tó kà á tán. Èmi Ògúndélé, tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní èdè C, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní Ìkẹ́rẹ́ títí irun mi fi funfun, èmi ni mo pa Bàbá Akínpẹ̀lú ará Ìsẹ̀. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Fadékẹ́mi lorúkọ ọmọ náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Òjò a máa ba kòkó bàbá rẹ̀ jẹ́ níbi tí wọ́n bá sá a sí, ló bá ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó tóbi bí yàrá, tí yóò máa mú kòkó gbẹ. Kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ yóò tan iná bí ẹ̀rọ bá tutù, yóò sì pa á bó bá gbóná tó. Gílóòbù pupa kan wà níta tó ń tàn nígbà tí iná bá ń jó. Ọmọ náà ló ṣe gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo kàn ń pàṣẹ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá iṣẹ́.

Ó ní òfin tirẹ̀ lórí bí a ṣe ń kọ kóòdù, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá kọ̀ǹpútà wa. Bí ènìyàn bá ti kọ “if”, ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí nǹkan bá rí báyìí kó ṣe báyìí, ohun tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́, àmì méjì tó ń ká ọ̀rọ̀ mọ́, kódà kó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, “Fadékẹ́mi onímọ̀ọ́tótó, ṣé kọ̀ǹpútà ń wo ẹwà ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Kì í wo ẹwà, sà. Àkámọ́ ló ń wò. Àwa ènìyàn la máa ń fi ojú tan ara wa jẹ.”

Àwọn àlejò ìjọba ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ náà lóko Bàbá Akínpẹ̀lú. Fadékẹ́mi ti lọ sí Ẹmùrẹ́, mo sì ṣí kóòdù rẹ̀. Ó gùn jù lójú mi. Mo fẹ́ kí àlejò rí i ní wíwò kan. Mo yọ àwọn àkámọ́ rẹ̀ dànù. Mo tún fa ìlà gílóòbù sókè kó ṣáájú ìlà iná. Mo tò wọ́n sábẹ́ ara wọn, ó gún régé. Àmọ́ bí kò bá sí àkámọ́, ìlà kan péré ni “if” ń darí. Gílóòbù ló kù sábẹ́ rẹ̀. Ìlà iná ti bọ́ síta, kọ̀ǹpútà yóò máa tan iná bó ti wù kó gbóná tó, kò sí ohun tó lè pa á mọ́. Ohun tí mo máa ń fi dán àwọn ọmọ wò nínú ìdánwò nìyí o, èmi òpònú!

Àlejò wò ó, wọ́n yìn mí, wọ́n lọ. Bàbá Akínpẹ̀lú fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọ̀gá tísà, ẹ kú usẹ́ o. Uná yìí éè níí jó kòkó mi o?” Mo nawọ́ sí gílóòbù, mo ní, “Bàbá, bí èyí bá ti kú, iná ti kú nìyẹn.” Ó gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn tí mo lọ, nígbà tí èéfín ń rú lára ẹ̀rọ, wọ́n ní ó wo gílóòbù, ó rí i pé ó ti kú, ló bá wọlé lọ kó kòkó rẹ̀. Kò jáde mọ́.

Ẹ dúró, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Kí ìgbìmọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ wa gbé kalẹ̀ láti wádìí ikú náà tó jókòó, mo tún kóòdù náà kọ ní ìlànà ọmọ yẹn, kó lè jọ pé òun ló ṣe àṣìṣe. Mo fi àkámọ́ ká gílóòbù nìkan, mo fi ìlà iná síta, mo fi àlàfo rẹ̀ sí i bó ṣe máa ń fi í. Mo pa èyí tí mo ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Adéwùnmí tó jẹ́ alága wò ó, ó ní, “Ta ló tún ń fi àkámọ́ ká ìlà kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa? Ọmọ yìí nìkan ni.” Fadékẹ́mi wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí. “Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ báyìí, sà?” Mo ní, “Ìwọ ni.”

Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Jọkẹ́ ìyá rẹ̀ ló wà ní Ìsẹ̀, kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo ránṣẹ́ pè é síbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ọkàn mi fúyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí kóòdù yẹn. Ọwọ́ mi ni.” Mo búra. Ó tún ìrọ̀rí mi tò, ó ní kí n sinmi.

Mi ò ní ẹ̀rí kankan, èmi fúnra mi ni mo pa á rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìsẹ̀ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kó lọ bá a, kó sọ fún un pé kò pa bàbá rẹ̀. Bí kò bá gbà á gbọ́, kó tún padà lọ. Èmi ò lè lọ mọ́.