Amọ̀ Ashaiman Tí Ọlábùnmí Pààrọ̀

"Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ jù nínú mi. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, màá gbé e wọ sàréè ni."

Báyìí ni Ọlábùnmí Àrówólò ṣe bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá ìdánwò ilẹ̀ ní yunifásítì kan ní Accra, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ṣètò ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró yí tábìlì ká. Nafisa wà láàárín wọn. Zuweira, ìyá Nafisa, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ òun ní Okaishie.

Nafisa ló fa ọ̀rọ̀ náà yọ láìmọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń yí amọ̀ lórí dígí kó lè tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn yòókù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Nafisa dijú, ó ń fi ìka rọra yí i lọ yí i bọ̀. Ọlábùnmí bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"Màmá mi ni, Mádáàmù. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yìí rí, àmọ́ wọn ò parí ẹ̀."

Nígbà tí Ọlábùnmí gbọ́ orúkọ ìyá náà, ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ ni, ó sì ránṣẹ́ pè é.

Ayé dùn nígbà tí òun àti Zuweira jọ wà ní kíláàsì. Àwọn méjèèjì nìkan ni Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ Gáà àti Aṣanti. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣòfófó, bí Yorùbá bá sì tán lẹ́nu wọn, wọ́n á fi Twi parí ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ lọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n á máa jẹ kẹ́nkè, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn Gáà, àti ẹja díndín, ẹrẹ̀ ṣì wà léèékánná wọn. Ìyá Ọlábùnmí á ní, "Irú yunifásítì wo lẹ̀ ń lọ, tẹ́ ẹ fi ń bọ̀ bí ẹni tó lọ mọ ìkòkò?"

Lọ́dún tí wọ́n máa parí, wọ́n ní kí wọ́n ṣètò ìpìlẹ̀ ilé ìwé kan sórí ilẹ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn gbẹ́. Ẹ̀yìnkùlé bàbá Zuweira ní Ashaiman ni wọ́n ti gbẹ́ tiwọn. Amọ̀ dúdú ni, irú èyí tó máa ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì máa ń la ògiri bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Wọ́n fi ọ̀rá àti ìda wé e, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ jòjòló nínú trotro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin Aláta, ṣé ẹ ti ń ta ilẹ̀ náà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ilé ìwé.

Ọlábùnmí gbé ojú sókè wo Zuweira.

"Mo ṣí amọ̀ yẹn láti wò ó, mo sì gbàgbé láti bò ó. Ìgbéyàwó Abena, ọmọ kíláàsì wa, ni mo sáré lọ. Nígbà tí mo padà dé, ó ti gbẹ, ó ti sán. Mo sọ ọ́ nù. Mo wá mú amọ̀ dúdú mìíràn tó jọ ọ́, tí kì í wú, mo fi ìda wé e, mo gbé e sípò ẹ̀ lórí pẹpẹ. Zuweira ò mọ̀. Òun ló gbé e sọ̀kalẹ̀, òun ló dán an wò, orí èsì ẹ̀ la sì gbé ìpìlẹ̀ wa lé."

Ó ní olùkọ́ àwọn, Dókítà Abdul-Rahim, wo èsì náà, ó sì mi orí. "Amọ̀ Ashaiman tí kì í wú? Ẹni tó bá kọ́lé lórí èyí, ògiri ló máa wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló gbé ilẹ̀ yìí wá?"

"Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, 'Zuweira ni, sà.' Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n sì lé e lọ sílé fún ọdún kan. Kò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí mo ń sìn ín lọ sí géètì, ó bi mí pé, 'Bùnmí, àbí èmi ni mo ṣèèṣì gbé òmíràn?' Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n jẹ́wọ́. Mo gbá a mọ́ra, èmi ọ̀dàlẹ̀, mo ní, 'Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ séèyàn.' Ó gbà mí gbọ́. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Mo ti sọ fún olórí ẹ̀ka wa láàárọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n bá fi mí ṣe, mo gbà. Ẹ̀yin ọmọ mi, amọ̀ tó bá gbẹ, ẹ lè padà lọ gbẹ́ òmíràn. Ẹ má fi ọ̀rẹ́ yín dí ihò tẹ́ ẹ bá gbẹ́. Zuweira, dárí jì mí."

Nafisa lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀.

"Ọmọ yìí máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò parí," Zuweira sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo máa ń sọ fún un pé orí mi ò gbé ìwé." Ó nu ojú. "Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́, Bùnmí. Bàbá mi ṣì wà láyé. Dìde, ká lọ bá wọn, kó o sọ ọ́ fún wọn."

Ní Ashaiman, bàbá arúgbó náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Ìgbà tí Ọlábùnmí dákẹ́, ó na ọ̀pá ẹ̀ sí àgbàlá, níbi tí àwọn ará ilé ti ń fọṣọ.

"Tún un sọ," ó ní. "Sọ ọ́ sókè, kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ mi ò ṣèèṣì."

Ibẹ̀ ni Zuweira ti bú sẹ́kún.